Kẹ́ Ẹ Tó Fi Àtẹ̀jíṣẹ́ Polówó Ọjà Fún Ará Òkè Òkun, Ẹ Kọ́kọ́ Kágò

Oṣù kẹfà ni, mo jókòó sí sọ́ọ̀bù mi ní Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ògì àti àkàrà tán, inú mi ń dùn torí sányán tuntun dé láti Ìsẹ́yìn lálẹ́ àná, ni mo bá kọ mẹ́sééjì kan, mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo kọ́sítọ́mà tó wà lórí fóònù mi, ti Naìjá, ti Gánà, ti London, ti Amẹ́ríkà, gbogbo wọn pátá lẹ́ẹ̀kan náà. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ìpè wọlé láti Houston. Àǹtí kan tí mo bá ṣe aṣọ òfì ìgbéyàwó ọmọ wọn ni. Ohùn wọn ń gbọ̀n. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ta ló kú?"

Aago mẹ́ta òru ló lù lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀yin náà mọ nǹkan tó máa ń wá sọ́kàn ẹni tó wà lókè òkun tí fóònù ilé bá dún láago mẹ́ta òru. Mo bẹ̀ wọ́n títí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ níwájú fóònù, wọ́n ní kò burú, àmọ́ kí n má fi irú ẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn mọ́ o, wọ́n bá pa fóònù. Kọ́sítọ́mà tó ti ra aṣọ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí wádìí bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń ṣe é, ìgbà tí mo wá rí ohun tí òfin wọn sọ, mo dúpẹ́ pé "ta ló kú" nìkan ni mo gbọ́ lọ́jọ́ náà.

Nǹkan tó yé mi ni pé nọ́mbà èèyàn tó wà lọ́wọ́ yín yàtọ̀ sí àyè tó fún yín. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé. Ilẹ̀kùn lè ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ sì lè mọ onílé dáadáa, síbẹ̀ ẹ máa dúró lẹ́nu ọ̀nà kẹ́ ẹ kágò, ìgbà tó bá dáhùn pé àgò yà lẹ máa tó wọlé. Fóònù èèyàn, inú yàrá ni, ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí ló ń gbé e sí. Gbogbo òfin tí mo kà, ti Gánà o, ti Ìlú Ọba o, ti Amẹ́ríkà o, àgò yìí náà ni wọ́n ń sọ, wọ́n kàn yàtọ̀ síra lórí bí wọ́n ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ kágò àti iye tẹ́ ẹ máa san tẹ́ ẹ bá já wọlé. Ó sì yé àwa náà, ṣebí àwa la máa ń fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 tí ìpolówó bá sú wa, ètò tí NCC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù ní Naìjá, pàṣẹ fáwọn nẹ́tíwọ̀kù ní 2016 yẹn.

Òfin tó kàn yín ni ti ibi tí fóònù ẹni tó ń gbà á wà. Ẹ jókòó sí Ògbómọ̀ṣọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí mẹ́sééjì yín bá ti dún ní Kumasi, òfin Gánà ló dún lé lórí. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa sọ pé ta ló máa wá láti Amẹ́ríkà wá mú mi ní Arada, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ó dáa. Kí ọlọ́pàá kankan tó gbéra, nẹ́tíwọ̀kù ti dí yín mọ́ ibẹ̀, ilé iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ra kírẹ́díìtì àtẹ̀jíṣẹ́ á ti àkáǹtì yín pa, owó yín á wà ńbẹ̀, orúkọ sọ́ọ̀bù yín á sì ti wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní oníjìbìtì. Ní Ìlú Ọba, ẹni tí inú bá bí kàn máa darí mẹ́sééjì yín sí 7726, nọ́mbà tí wọ́n fi ń fẹjọ́ ìpolówó sùn, ni, nẹ́tíwọ̀kù á bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ yín. Ohun tó ń pa bísínẹ́ẹ̀sì kékeré bíi tiwa nìyẹn, kò dé kóòtù rárá.

Báwo wá lẹ ṣe máa kágò? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń rọrùn jù ni ìgbà tí èèyàn bá ń rajà lọ́wọ́. Èmi ní gbólóhùn kan tí mo máa ń sọ, mo ti há a sórí: "Mà, ṣé ẹ fẹ́ kí n máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún yín tí aṣọ tuntun bá dé, bí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù? Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ kọ BẸ́Ẹ̀NI ránṣẹ́ sí mi. Ẹ lè ní kí n dáwọ́ dúró nígbàkígbà, tẹ́ ẹ bá sì ní rárá, mo ṣì máa tajà fún yín." Ẹ wo gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Ní Amẹ́ríkà, ẹ ò gbọdọ̀ sọ pé àfi tó bá gbà kẹ́ ẹ máa polówó fún un kó tó lè rajà. Tó bá sì jẹ́ fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ fi ń gba nọ́mbà, àpótí kékeré tí wọ́n máa ń máàkì yẹn, ẹ fi sílẹ̀ lófìfo, kí onítọ̀hún fọwọ́ ara ẹ̀ máàkì ẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ ti máàkì dè é, ẹ̀yin lẹ dá ara yín lóhùn, òun ò tíì wí nǹkan kan.

Tó bá ti fọwọ́ sí i, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi máa ń kọ ọ́ sínú Excel, àmọ́ ìwé lásán náà tó. Orúkọ, nọ́mbà, ìlú tó ń gbé, ọjọ́ tó gbà, ibi tó ti gbà, gbólóhùn tí mo sọ fún un gan-an, àti èsì ẹ̀. Mo máa ń ya fọ́tò ojú fóònù náà pa mọ́. Lọ́jọ́ tí ẹjọ́ bá dé, ẹ̀yin ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ fi hàn pé onílé dá yín lóhùn, òun ò ní fi hàn pé òun ò dáhùn.

Ìlú tó ń gbé tí mo sọ yẹn, ẹ má fojú kéré ẹ̀ o. Èmi rò tẹ́lẹ̀ pé nọ́mbà tó bá fi +1 bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà ni. Irọ́! Kánádà náà, +1 ni. 416 àti 647 ti Toronto jọ ti Houston lójú ẹni tí kò mọ̀, òfin wọn sì yàtọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà kì í pààrọ̀ nọ́mbà tí wọ́n bá kó lọ sí ìlú mìíràn, nọ́mbà lè jẹ́ ti Houston kí olówó ẹ̀ máa gbé New York. Ẹ bi í.

Ní ti pé kẹ́ ẹ ra nọ́mbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ọmọkùnrin kan wá bá mi ní sọ́ọ̀bù, ó ní òun ní nọ́mbà ọmọ Yorùbá 5,000 tó wà ní Ìlú Ọba, kí n mówó wá. Ta ló kágò lọ́dọ̀ 5,000 èèyàn yẹn fún mi? Ti aṣọ ẹbí náà ń kó èèyàn sí wàhálà. Ẹni tó ń ṣe ìnáwó á kó nọ́mbà 80 èèyàn fún yín kẹ́ ẹ lè fi aṣọ ránṣẹ́ sí wọn, ayẹyẹ yẹn nìkan ni wọ́n torí ẹ̀ gbé nọ́mbà wọn sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ̀wé sí wọn pé ẹrù yín ti kúrò ní Èkó, ó tọ́. Tẹ́ ẹ bá wá fi ìpolówó gèlè mọ́ ọn nísàlẹ̀, ẹ ti bà á jẹ́, torí ìsọfúnni ẹrù ti di ìpolówó nìyẹn, òfin tó le ló sì kàn án. Ẹ jẹ́ kí ti ẹrù dá dúró, kí ti ọjà dá dúró.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gba orílẹ̀-èdè wọn kọjá.

Gánà lọ́jà àwọn bàbá ńlá wa. Kí ìjọba Busia tó ní káwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ ní November 1969, àìmọye ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń ṣòwò ńbẹ̀, ilé tí kò ní ẹni tó dé láti Gánà lọ́dún yẹn níbí kò pọ̀. Òfin tẹ́ ẹ máa wò báyìí ni òfin ààbò ìsọfúnni wọn, Act 843 ti 2012, ó sọ pé ẹ ò gbọdọ̀ lo nǹkan tẹ́ ẹ mọ̀ nípa èèyàn láti fi polówó fún un láìjẹ́ pé ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbà. Kọ ọ́ sílẹ̀ o! Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gba BẸ́Ẹ̀NI yẹn ní kíkọ, mi ò gba ti ẹnu. Orúkọ tó máa hàn lókè mẹ́sééjì, wọ́n máa ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ríjísítà ẹ̀, kò sì lè ju lẹ́tà 11 lọ, tẹ́ ẹ bá ti ka àlàfo mọ́ ọn. Nọ́mbà wọn, ẹ yọ òdo iwájú, ẹ fi +233 sí i.

Ìlú Ọba ní PECR, òfin 2003 lórí ìpolówó orí fóònù àti ímeèlì, àwọn ICO, àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni èèyàn, ló ń ṣọ́ ọ. Wọ́n ní ọ̀nà kan tó rọ oníṣòwò lọ́rùn. Tí èèyàn bá ti rajà lọ́wọ́ yín, tàbí tó ti bá yín nájà, ẹ lè polówó irú ọjà bẹ́ẹ̀ fún un, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò wí pé bẹ́ẹ̀ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ tẹ́ ẹ gba nọ́mbà náà ẹ gbọ́dọ̀ ti fún un láyè láti kọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa fún un láyè yẹn nínú mẹ́sééjì kọ̀ọ̀kan. Ó ra aṣọ òfì lọ́wọ́ mi, mo lè sọ fún un pé gèlè dé. Mi ò lè sọ fún un pé àbúrò mi ń ta èlùbọ́. Owó ìtanràn wọn, fún ọ̀pọ̀ ọdún tó kọjá, ó lè tó 500,000 pọ́ùn.

Nǹkan kan wà ńbẹ̀ tó yà mí lẹ́nu. Mo ti pinnu pé màá kọ̀wé sí gbogbo àwọn kọ́sítọ́mà mi àtijọ́ pé "ẹ dákun, ṣé mo lè máa kọ̀wé sí yín?" Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí ni. Àṣé ìbéèrè yẹn gan-an, ìpolówó ni wọ́n kà á sí. Ní 2017 ICO bu 70,000 pọ́ùn lé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan lórí torí pé ó fi ímeèlì ránṣẹ́ sáwọn èèyàn tó ti ní àwọn ò fẹ́, ó ń bi wọ́n bóyá ohun tó mọ̀ nípa wọn ṣì rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti ní ẹ má kágò mọ́, ẹ má padà lọ kágò láti bi í bóyá ẹ lè kágò. Ohun tí mo wá ń ṣe ni pé mo tẹ káàdì kékeré, mò ń fi sínú ẹrù tí mo bá ń kó lọ, ẹni tó bá wù á fúnra ẹ̀ máa kọ̀wé sí mi.

Amẹ́ríkà ló le jù. TCPA lòfin wọn lórí ìpolówó orí fóònù, láti 1991. Kẹ́ ẹ tó fi ẹ̀rọ rán ìpolówó sí fóònù èèyàn, ó ti gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ní kíkọ. Ẹni tẹ́ ẹ ṣẹ̀ lè pè yín lẹ́jọ́ fúnra ẹ̀, 500 dọ́là lórí mẹ́sééjì kan, tó bá jẹ́ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó lè di 1,500. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. 300 èèyàn, mẹ́sééjì kan péré, 150,000 dọ́là. Ẹ máa ta aṣọ òfì títí di àtúnwá kẹ́ ẹ tó san án tán. Wọn ò sì gba orúkọ lókè mẹ́sééjì bíi ti Gánà àti Ìlú Ọba, nọ́mbà ni wọ́n ń lò, nọ́mbà náà ẹ máa ríjísítà ẹ̀, ètò yẹn ni wọ́n ń pè ní 10DLC. Láti 2023 ni àwọn nẹ́tíwọ̀kù ti ń dí mẹ́sééjì tó bá wá láti nọ́mbà tí kò ríjísítà. Wọ́n á béèrè ìwé bísínẹ́ẹ̀sì, ẹni tí kò tíì forúkọ bísínẹ́ẹ̀sì ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC kó yáa lọ ṣe é, wọ́n á béèrè wẹ́ẹ̀bù yín, àpẹẹrẹ mẹ́sééjì, àti bẹ́ ẹ ṣe ń gba àyè lọ́wọ́ èèyàn. Ilé iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ń ra àtẹ̀jíṣẹ́ lọ́wọ́ wọn á bá yín fi ránṣẹ́. Ẹ ní sùúrù, wọ́n lè dá a padà. Ti ẹnìkan tí mo mọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá a padà torí kò kọ bó ṣe ń gba àyè.

Kánádà ní òfin tiwọn lórí ìpolówó tó ń jẹ́ CASL, July 1, 2014 ló bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó rajà, ẹ lè máa kọ̀wé sí i fún ọdún méjì, ẹni tó kàn béèrè owó ọjà, oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn ìyẹn ó di kó fẹnu ara ẹ̀ gbà. Wọ́n tún fẹ́ rí àdírẹ́sì tí wọ́n lè kọ lẹ́tà sí. Jámánì kì í ṣeré rárá lórí àyè, Faransé kì í jẹ́ kẹ́ ẹ polówó lọ́jọ́ Sunday. Mi ò ní kọ́sítọ́mà níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ó wá ku bẹ́ ẹ ṣe máa kọ ọ́, ibi tí àwa Yorùbá ti máa ń jẹ gbèsè láìmọ̀ nìyí. Péèjì kan àtẹ̀jíṣẹ́, lẹ́tà 160 ló ń gbà, ṣùgbọ́n lẹ́tà inú àkójọ kan báyìí tí fóònù mọ̀ ni. Ẹ, ọ, ṣ tó ní àmì lábẹ́ kò sí nínú àkójọ yẹn. Ẹyọ ọ̀kan ṣoṣo tó bá bọ́ sínú mẹ́sééjì, gbogbo ẹ̀ á yípadà, péèjì kan á di lẹ́tà 70, tó bá sì ju péèjì kan lọ, 67, 67 ni wọ́n á máa gé e. Àwọn àmì ohùn wa náà ń pani lẹ́rìn-ín: à, è, é, ì, ò, ù wà nínú àkójọ náà torí àwọn òyìnbó Faransé àti Ítálì ń lò wọ́n, á, í, ó, ú kò sí. Àmì náírà ₦ kò sí, ti sídì kò sí, £ ní tiẹ̀ wà ńbẹ̀! Ẹ kọ NGN, ẹ kọ GHS. Àwòrán ẹ̀rín tó ń da omijé yẹn, owó ni.

Ẹ wo èyí tí mo ń lò:

ORUKO SOOBU: E ku ise o. Sanyan tuntun ti de lati Iseyin, fun agbada tabi iro ati gele. Foto wa lori WhatsApp wa. E ko STOP ti e o ba fe mo.

Mo kà á, lẹ́tà 140, péèjì kan. Ẹ fi àmì sábẹ́ o kan ṣoṣo níbẹ̀, ó ti di péèjì mẹ́ta, 300 èèyàn á di owó péèjì 900. Tí orúkọ bá jẹ́ èyí tó hàn lókè dípò nọ́mbà, kò sẹ́ni tó lè fèsì STOP sí i, ẹ fi nọ́mbà kan sí i tí wọ́n lè kọ̀wé sí. Àwọn ìkànnì kúkúrú ọ̀fẹ́ bíi bit.ly, nẹ́tíwọ̀kù Amẹ́ríkà kórìíra wọn, àwọn oníjìbìtì ti bà á jẹ́.

Yorùbá tí kò ní àmì náà ní ewu tiẹ̀. Mo kọ ọ́ sí ìyá kan ní Kumasi pé "Oko yin maa de ni Friday," ọkọ̀ tó kó ẹrù wọn ni mo ní lọ́kàn. Wọ́n fèsì: "Ọkọ tèmi ló jókòó tì mí yìí, ta lẹ tún ń kó bọ̀?" Láti ọjọ́ yẹn, "eru yin" ni mò ń kọ, mo sì máa ń ka mẹ́sééjì sókè sétí ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ kí n tó rán an, tó bá rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ, màá pààrọ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Àsìkò wá. Amẹ́ríkà ní láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́sàn-án alẹ́, lójú aago ẹni tó ń gbà á. Gánà fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa jálẹ̀ ọdún. London jẹ́ wákàtí kan nígbà òtútù, ọgbọọgba ni wá nígbà ooru. Toronto jẹ́ mẹ́fà tàbí márùn-ún, Houston méje tàbí mẹ́fà. Mo jókòó ṣírò ẹ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ níbí ló bá gbogbo wọn mu: Accra á jẹ́ mẹ́rin, London mẹ́rin tàbí márùn-ún, Toronto mọ́kànlá àárọ̀ tàbí méjìlá ọ̀sán, Houston mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá. Ọjọ́ Saturday ló dáa jù fún ọjà tèmi, wọn ò lọ síbi iṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn sì ń múra òde lọ́wọ́.

Ìgbà tí èèyàn bá ní kẹ́ ẹ dáwọ́ dúró, ẹ dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà. Amẹ́ríkà àti Kánádà fún yín ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, ẹ má dúró dè é. Ẹ má sì retí pé STOP nìkan ni wọ́n máa kọ. Àwọn èèyàn wa á ní "ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀," ẹlòmíì á ní "ó tó gẹ́ẹ́ o," ẹlòmíì á fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Láti 2025 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní ọ̀nà yòówù tó bá mọ́gbọ́n wá tí èèyàn fi sọ ọ́, ó ti sọ ọ́. Ẹ̀rọ ò gbọ́ "fi mí lọ́rùn sílẹ̀," ẹ̀yin lẹ máa kà á. Ẹ má pa nọ́mbà náà rẹ́ pátápátá o, tẹ́ ẹ bá pa á rẹ́, ẹ lè tún ṣèèṣì fi kún àkọsílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ gbé e sí ojú ewé ọ̀tọ̀, èmi kọ "ilẹ̀kùn tì" sí ti èmi lókè.

Àkọsílẹ̀ mi ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀, 300 àtijọ́ ti di 112. Mi ò ṣàárò wọn. Ìgbà tí mò ń rán an sí 300, èèyàn méjì mẹ́ta ló ń fèsì, ìkan nínú wọn á máa bú mi. Báyìí, tí mo bá rán an láago márùn-ún, sọ́ọ̀bù ò ní tíì tì tí fóònù á ti máa dún.

Àǹtí Houston wà lójú ewé "ilẹ̀kùn tì" fún oṣù mẹ́jọ. Mi ò fọwọ́ kàn wọ́n, mi ò tiẹ̀ kí wọn kú ọdún lórí nọ́mbà yẹn. Àwọn fúnra wọn ló pè níjọ́ kan, àlàárì ni wọ́n ń wá fún ìsìnkú ìyá ọkọ wọn. A nájà tán, mo sọ gbólóhùn mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n dúró, wọ́n á kọ ọ́ ránṣẹ́. BẸ́Ẹ̀NI ni wọ́n kọ, wọ́n wá fi ìlà kejì sí i: "Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òru, àfi kẹ́nìkan ti kú lóòótọ́ o."